Iyán Lẹ́yìn Odi: Iye Owó àti Ìdára Oúnjẹ Ará Èkìtì ní Ìlú Òkèèrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn. Àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó ni òwe yìí, ṣùgbọ́n bóyá ni ibì kan wà tí ó ti bá ìṣe àwọn ènìyàn mu tó ilẹ̀ Èkìtì. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ìjerò tí í ṣe ìlú Ajerò, dé Àrámọ̀kọ tí í ṣe ìlú Alára, títí lọ dé Ẹ̀fọ̀n tí Aláayè ń jọba lé lórí, ẹni tí ó jẹ ìrẹsì ní ọ̀sán tí ó sì yó lè sọ ní alẹ́ pé òun kò tí ì jẹun láti òwúrọ̀, nítorí pé iyán kò tí ì kan òun lẹ́nu. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọjá sí ìlú òyìnbó láti kẹ́kọ̀ọ́ tàbí láti ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó kọ́kọ́ ń dà á láàmú ni ọjà. Ohun tí ó pọ̀ nílé ti di ọ̀wọ́n. Ohun tí ó wọ́n nílé ti di ọ̀pọ̀. Ohun mìíràn sì wà tí ó ń jẹ́ orúkọ tí ó mọ̀, tí kò sì jẹ́ ohun tí ó mọ̀.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye, bí ènìyàn bá rántí pé iye owó tí wọ́n dá lé ọjà kì í ṣe ti ọjà náà nìkan. Owó ọ̀nà wà nínú rẹ̀, owó òfin wà nínú rẹ̀, owó èyí tí ó bàjẹ́ kí ìyókù tó dé sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Iṣu ni ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba jù lọ. Nítorí náà, iṣu ni òpó àlàyé yìí. Àwọn oúnjẹ yòókù yóò sì tì í lẹ́yìn.

Bí ọjà iṣu ti rí nílé

Ní ọjà Àrámọ̀kọ tàbí ti Ìjerò, ojú ni wọ́n fi ń wọn iṣu. Olùtajà a to iṣu rẹ̀ sílẹ̀ ní òkìtì. Oníbàárà a gbé ọ̀kan, a yẹ orí àti ìdí rẹ̀ wò, a fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bóyá ó ti rà níbì kan, a sì béèrè oko tí ó ti wá. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí ná an. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, oníbàárà lè gba èènì lé e.

Iye owó náà kì í dúró lójú kan. Nígbà tí iṣu titun bá ti jáde dáadáa, ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, owó rẹ̀ a wálẹ̀. Ṣùgbọ́n omi a pọ̀ nínú rẹ̀, iyán rẹ̀ kì í sì í dùn ún gún bíi ti iṣu tí ó ti gbẹ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iṣu tí wọ́n ti tọ́jú sínú àká a máa fúnni ní iyán tí ó dì, tí ó sì ń fà. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, iṣu àtijọ́ a máa rú, a máa tán lọ, ọ̀wọ́n rẹ̀ a sì dé títí di ìgbà tí titun yóò tún jáde.

Ẹni tí ó dàgbà sínú irú ọjà yìí mọ ohun mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ: ó mọ irú iṣu, ó mọ àsìkò rẹ̀, ó sì mọ ẹni tí ó ń tà á. Ọgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni kì í rí lò mọ́ bí ó bá ti kọjá òkun.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ

Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi ilé-iṣẹ́ Elder Dempster láti Èkó lọ sí Liverpool. Ọkọ̀ Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ń lò tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lójú òkun. Àwọn tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó di oṣù keje ọdún 1954 bá a pé ìwé ni ìjọba fi ń pín àwọn oúnjẹ kan fún gbogbo ènìyàn, nítorí pé ètò ìgbà ogun àgbáyé kejì kò tí ì parí. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1925, ti ṣí ilé kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1933, ṣùgbọ́n ibùgbé ni ẹgbẹ́ lè pèsè. Kò lè pèsè oko iṣu. Ìyẹ̀fun ìrẹsì àti semolina ni àwọn ènìyàn ń rò nínú omi gbígbóná títí yóò fi dì, kí wọ́n ṣáà lè rí ohun tí ọwọ́ lè bù, tí ọbẹ̀ sì lè bá lọ.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé epo pupa kì í ṣe àlejò ní Liverpool rárá. Jálẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọkọ̀ ń kó epo láti etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá sí èbúté náà, ṣùgbọ́n ọṣẹ àti àbẹ́là ni wọ́n ń fi ṣe. Epo wà fún ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ. Kò sí fún ìkòkò ọbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Láti inú èyí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ti jáde: ọjà lè pọ̀ rẹpẹtẹ ní ìlú kan kí ó má sì sí fún ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́, bí kò bá sí alájàpá tí ó mọ̀ pé irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ wà.

Ọ̀nà tí iṣu ń gbà dé Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn ará erékùṣù Caribbean wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà fún iṣu ní àwọn ọjà Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ Empire Windrush tí ó gúnlẹ̀ sí Tilbury ní oṣù kẹfà ọdún 1948 ni àwọn ènìyàn máa ń fi sàmì ìbẹ̀rẹ̀ wíwọlé wọn lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn náà ń jẹ iṣu, wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, wọ́n sì ń jẹ ata rodo. Ọjà Brixton sì di ibi tí ènìyàn ti lè rí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Nígbà tí àwọn ará Nàìjíríà àti Ghana pọ̀ sí i, ọjà Ridley Road ní Dalston àti àwọn ìsọ̀ Peckham náà kún fún ẹrù ilẹ̀ Áfíríkà. Lónìí, kò sí oṣù kan nínú ọdún tí ènìyàn kò lè rí iṣu rà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ghana ni púpọ̀ nínú iṣu náà ti ń wá. Pọ́ná ni ọ̀pọ̀ olùtajà ń pè é, iṣu funfun sì ni, èyí tí ó ṣeé gún. Inú páálí ni wọ́n ń tò ó sí, ojú omi ni ó sì ń gbà, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà ni ó ń pinnu ìdára rẹ̀. Iṣu tí wọ́n ti wà kò tí ì kú: ó ń mí, omi inú rẹ̀ ń dín kù, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń fúyẹ́ lójoojúmọ́. Bí ooru bá mú un jù nínú àpótí ọkọ̀, yóò làágùn, yóò rú, ojú ọgbẹ́ tí àdá tàbí ọkọ́ ti dá sí i lára yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí rà. Bí òtútù bá sì mú un jù, tí ó lọ sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìgbà pípẹ́, inú rẹ̀ a bàjẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ń dán. Ìdí nìyí tí kò fi dára láti fi odindi iṣu pamọ́ sínú ẹ̀rọ amóhuntutù, bí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣe. Ibi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni ó tọ́ sí i, bí ó ti rí nínú àká nílé.

Oníṣòwò tí ó kó ọgọ́rùn-ún páálí mọ̀ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò bàjẹ́. Owó èyí tí ó bàjẹ́ kì í ṣègbé; orí èyí tí ó kù ni yóò pín in lé. Nítorí náà, ẹni tí ó ra iṣu dídára kan ní Peckham ti san díẹ̀ nínú owó iṣu tí kò rí rí. Kílò sì ni wọ́n fi ń tà á, tèèpotèèpo, tapá jíjẹrà tí ó bá wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àfi bí olùtajà bá gé e. Oníbàárà tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe a máa bẹ olùtajà pé kí ó gé orí rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ yìí sì ni ó rọ́pò ìnájà àti èènì.

Orúkọ kan náà, ohun ọ̀tọ̀

Ẹni tí ó lọ sí Amẹ́ríkà tún ní ìdàrúdàpọ̀ mìíràn láti bá pàdé. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní iṣu ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kúkúndùkú tí inú rẹ̀ pọ́n bí òféèfèé ọsàn, tí ó sì ń dùn bí oyin. Owó rẹ̀ kò pọ̀, èyí sì lè mú inú àlejò dùn títí di ìgbà tí ó bá gbé e lé iná. Iṣu gidi wà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìsọ̀ àwọn ará Áfíríkà, ti Caribbean àti ti àwọn elédè Spanish ni ènìyàn yóò ti rí i.

Láàárín iṣu gidi pàápàá, ìyàtọ̀ wà. Ará Ìjẹ̀bú tí ó bá rí ewùrà ti rí ìkọ́kọrẹ́. Ṣùgbọ́n ará Ẹ̀fọ̀n tí ó ṣèèṣì rà á láti gún iyán yóò gún un títí, kò sì ní dì bí ó ti fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú ewébẹ̀. Ewédú dídì tí ó wà nínú ọ̀rá ní Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń wá láti Íjíbítì, níbi tí wọ́n ń pè é ní molokhia, tí ó sì ti jẹ́ ọbẹ̀ ìbílẹ̀ wọn láti ìgbà pípẹ́. Ewé kan náà ni, ó sì ń yọ̀ bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e ná kí ó tó dì, nítorí náà kò sí ohun tí ìjábẹ̀ tún fẹ́ ṣe sí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà náà wà káàkiri, ṣùgbọ́n láti Colombia àti Ecuador ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá.

Fún ẹni tí kò ní odó, tàbí tí aládùúgbò ìsàlẹ̀ ilé kò lè fara da ìró ọmọ odó, ìyẹ̀fun iyán ni àbọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Oṣòdì, FIIRO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọn a bẹ iṣu, wọn a sè é, wọn a sá a gbẹ, wọn a sì lọ̀ ọ́. Òótọ́ ni pé kò ní adùn iyán àgúnjẹ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùrà ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn páálí rẹ̀, nítorí pé àwọn kan wà tí ó ní ọ̀dùnkún tàbí ìrẹsì nínú. Owó iṣu ni ènìyàn ń san. Ohun tí ó gbà lè má jẹ́ iṣu tán.

Ohun tí òfin ń fi kún owó

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró, nítorí pé wọ́n ti bá oògùn apakòkòrò dichlorvos nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí kò lè ṣe ènìyàn ní ibi lọ. Wọ́n sì tún sún àkókò òfin náà síwájú lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú àjọ náà nígbà tí òfin yìí bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà bá dí báyìí, díẹ̀ tí ó bá rí àyè wọlé a wọ́n, ẹni tí ó sì fẹ́ jẹ ẹ̀wà olóyin a máa wá ẹ̀wà ilẹ̀ mìíràn tí ó jọ ọ́. Epo pupa náà kò bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò, nítorí pé àwọn kan a máa fi aró Sudan sí i kí ó lè pọ́n dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni òfin Yúróòpù kò gba aró yìí sínú oúnjẹ.

Àwọn kan lè rò pé ìnira lásán ni àwọn òfin wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀wà tí Yúróòpù kò gbà, ta ni ó ń jẹ ẹ́? Ẹni tí ó wà nílé ni. Ọ̀wọ́n ẹ̀wà ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ owó ààbò tí wọ́n ń san níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ nílé lè jẹ́ àmì pé kò sí ẹni tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí ó wọ́n nílé tí ó pọ̀ lóde

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó ń wọ́n sí i. Adìyẹ, ẹyin àti wàrà, tí ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì fi pamọ́ fún àlejò àti ọjọ́ ọdún, jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n adìyẹ tí wọ́n fi oúnjẹ bọ́ kíákíá, tí wọ́n sì pa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, a máa jábọ́ lára egungun kí ata tó jinná. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ará ilé wa ṣe ń wá àgbébọ̀ tí ó ti yé ẹyin títí tí ó fi gbó. Ohun tí òyìnbó kà sí líle, tí kò sì fẹ́, ni wọ́n ń wá kiri.

Àwọn ohun kan sì wà tí ó ń rin ọ̀nà kan náà ní òdìkejì. Ẹja gbígbẹ líle tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko, láti Norway ni ó ti ń wá. Afẹ́fẹ́ tútù erékùṣù Lofoten ni ó ń gbẹ ẹ́ lórí igi, ó sì ti di ọ̀wọ́n gidigidi kí ó tó dé ọjà Èkìtì. Kòkó tí àgbẹ̀ Èkìtì sá sí ojú oòrùn, ó kọjá òkun ní wóró. Bí apá kan rẹ̀ bá padà wá nínú agolo tàbí bébà tí ń dán, àgbẹ̀ tí ó gbìn ín lè má lágbára láti rà á. Ta ni ó ń rin ọ̀nà náà, ta sì ni ó ni ọ̀nà náà? Ibẹ̀ ni ọ̀wọ́n àti ọ̀pọ̀ ti ń wá.

Òṣùwọ̀n tí ó tọ́

Àṣìṣe tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n ń sọ gbogbo iye owó di náírà. Àpẹẹrẹ kan yóò fi àṣìṣe náà hàn. Kí a sọ pé iṣu kílò mẹ́rin kan jẹ́ pọ́n-ùn 12 ní Lọ́ńdọ̀nù, kí irú rẹ̀ jẹ́ náírà 3,500 ní Àrámọ̀kọ, kí pọ́n-ùn kan sì jẹ́ náírà 2,000. Bí a bá sọ ọ́ di náírà, iṣu Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ 24,000, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje ti ilé. Ẹnu yóò ya ìyá tí ó bá gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kí a fi wákàtí iṣẹ́ wọ̀n ọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó ọ̀yà tí ó kéré jù tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà fún ẹni ọdún 21 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ di pọ́n-ùn 12.21 fún wákàtí kan. Ní Nàìjíríà, òfin oṣù keje ọdún 2024 gbé owó oṣù tí ó kéré jù sí náírà 70,000. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣe wákàtí 160 lóṣù, wákàtí kan jẹ́ náírà 437 ààbọ̀. Nígbà náà, iṣu Lọ́ńdọ̀nù kò tó iṣẹ́ wákàtí kan, ti Àrámọ̀kọ sì gba wákàtí mẹ́jọ, èyíinì ni odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan. Iṣu tí ó wọ́n ní ìlọ́po méje lójú náírà ti di èyí tí ó pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ lójú làálàá.

Òṣùwọ̀n kejì yìí náà kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Owó ilé, owó orí àti owó ọkọ̀ ti bu owó ọ̀yà Lọ́ńdọ̀nù jẹ kí iṣu tó kàn án, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ Ìjerò tí ó wa iṣu rẹ̀ lóko kò lọ sí ọjà rárá. Síbẹ̀, ó mú kí nǹkan méjì yé ni. Ẹni tí ó wà lóde kò gbọdọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ìṣírò náírà. Ẹni tí ó wà nílé kò sì gbọdọ̀ rò pé ọ̀pọ̀ ni iṣu jẹ́ fún òṣìṣẹ́ tí ó fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́ kí ó tó lè ra ẹyọ kan.

Ta ni ó jèrè?

Nàìjíríà ni ó ń gbin iṣu jù lọ ní gbogbo àgbáyé; nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣu àgbáyé ni ó ń ti ilẹ̀ rẹ̀ jáde. Síbẹ̀, orúkọ Ghana ni ó wà lára páálí iṣu ní Peckham. Apá kan ìdí rẹ̀ ni òfin ọdún 1989 tí ó ka kíkó iṣu jáde léèwọ̀, kí oúnjẹ má bàa wọ́n nílé. Apá kejì ni ọ̀nà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ kíkó iṣu lọ sí òkè òkun láti Èkó. Kò pẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn fi ròyìn pé apá kan ẹrù náà dé Amẹ́ríkà ní ipò tí kò dára. Ìfilọ́lẹ̀ nìkan kò lè gbé iṣu kọjá òkun. Yíyan èyí tí kò ní ọgbẹ́, jíjẹ́ kí ojú ọgbẹ́ kéékèèké san kí wọ́n tó dì í sí páálí, ọkọ̀ tí kò pẹ́ ní èbúté, àti afẹ́fẹ́ tí ó tọ́ nínú àpótí, àwọn wọ̀nyí ni ó ń gbé e kọjá.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Ẹ̀fọ̀n tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù bá ń bu òkèlè iyán, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣu àgbẹ̀ Ghana ni ó ń jẹ, kí ewédú rẹ̀ jẹ́ ti àgbẹ̀ Íjíbítì, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti àgbẹ̀ Colombia. Oúnjẹ Èkìtì ti dé òkè òkun. Oko Èkìtì ni kò tí ì dé ibẹ̀. Àwọn tí ó wà lóde ti ṣe ipa tiwọn, nítorí pé wọn kò jẹ́ kí ẹnu gbàgbé iyán. Ọ̀nà láti inú oko dé orí ọkọ̀ ni ó kù láti tún ṣe, nítorí pé ẹni tí ó ni ọ̀nà ni yóò máa gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni iṣu.